Ìmọ̀ Ọ̀pẹ Èṣí

Bí àwọn ará ìjọ bá fẹ́ mọ ibi tí ọdún dé, kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń wò. Màmá Aláwọ̀ kì í wo kàlẹ́ńdà. Okùn aṣọ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń sọ fún un. Bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò bá ń gbẹ lórí okùn, a jẹ́ pé Ìgbà Dídé Olúwa ti wọlé nìyẹn, tàbí Lẹ́ńtì. Funfun ni ti Kérésì àti Àjíǹde, pupa ni ti àwọn ajẹ́rìíkú àti Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, àwọ̀ ewé sì ni ti àwọn ọ̀sẹ̀ gbọọrọ tí kò sí ọdún kankan nínú wọn, tí ènìyàn kàn ń lọ sí Mísà tó ń bọ̀ wálé. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń fọ aṣọ Fádà àti aṣọ pẹpẹ, tó ń lọ̀ wọ́n, tó ń rán èyí tó bá ya. Àwọn akọrin ló sọ ọ́ ní Màmá Aláwọ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, ó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ Ara Olúwa, àti èyí tí wọ́n fi nu ife, kò gbọdọ̀ já sínú ọṣẹ tààrà. Omi lásán ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi ṣàn án, omi náà kò sì gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Orí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń dà á sí, bóyá èérún kan ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Màmá Aláwọ̀ ní ibì kan fún un lẹ́bàá ògiri, ó fi bíríkì mẹ́rin yí i ká, adìẹ aládùúgbò tó bá tẹ ibẹ̀ á gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Àwọn aṣọ yòókù, bíi tàwọn akọrin àti aṣọ ìnuwọ́ Fádà, gọ́tà ló gba omi tiwọn. Ó mọ ìyàtọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí bí ẹni mọ ojú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe pé kò wọ̀ ọ́ rí o. Òun ló kan àga gígùn méjìlá tí àwọn ènìyàn ń jókòó lé títí dòní. Ìgbà tó kan wọ́n tán ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé dìde lẹ́yìn Mísà, tó ní pákó mẹ́fà ti dàwátì, tó sì ń wo ọ̀dọ̀ káfíńtà bó ti ń sọ ọ́. Ní oṣù kejì wọ́n rí pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, lẹ́yìn àwọn ère ibùjẹ ẹran tí wọ́n ń gbé jáde ní Kérésì. Kò sẹ́ni tó dìde lẹ́yìn Mísà lọ́jọ́ yẹn. Alága tún ń kí i lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò wáyé rí. Káfíńtà ní òun ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n òun ò ní wọ ilé tí wọ́n ti pe òun lólè. Ọdún mọ́kànlá gbáko. Ní gbogbo Sátidé ló ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ dé géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin géètì, á na ẹ̀yìn, á ní, "Ó dọwọ́ yín o," á yíjú padà.

Ó wá di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ èṣí. Aṣọ pupa Fádà ya ní apá lọ́jọ́ Sátidé, àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà gan-an ni Màmá Aláwọ̀ rán an tán, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún. Ọkọ rẹ̀ gbé aṣọ náà kọ́ apá, wọ́n jọ lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, ìta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ Mísà. Gbogbo ìjọ ló wà lójú títì níwájú géètì. Bàbá Alágogo, tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, ń pín ìmọ̀ ọ̀pẹ kiri. Ó ki ọ̀kan bọ káfíńtà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wo ẹni tó fún. Fádà wọ́n omi mímọ́, ó ta sí i lójú. Ni orin bá dún, ni èrò bá ṣí. Ògiri wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti kọjá irin géètì.

Màmá Aláwọ̀ wò ó látòkèèrè. Àga tó gbẹ̀yìn ni ọkọ rẹ̀ lọ jókòó sí, ó sì ń fi ọwọ́ wá abẹ́ àga náà, ó ń wò ó bóyá oríkèé rẹ̀ ṣì mú. Nígbà tí wọ́n ń ka ìtàn ìjìyà Olúwa, tí gbogbo ènìyàn wà lórí ìdúró, tí àwọn ọ̀dọ́ ń yí ẹsẹ̀ padà, òun dúró gbọn-in. Kò jáde síwájú láti gba Ara Olúwa. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló fi ìmọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ hun àgbélébùú kékeré kan, tí kò ní kókó, tí kò ní òwú, tí ewé kan wọ inú èkejì bí ìgbà tó bá ń kan dúrọ́ọ̀. Ó kan ìṣó kékeré mọ́ ògiri lókè máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e kọ́ ọ.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti padà nìyẹn?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Èrò ló gbá mi wọlé," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bèèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ gbé òòlù sí, nígbà tí òòlù wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ funfun dé géètì, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó yíjú padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwọ̀ ewé, ó ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ìfági ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Fádà tó gbé òróró mímọ́ dé, ara ti tutù. Kò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò gba Ara Olúwa, kò sọ ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn lè dì mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ṣoṣo ti ń jẹ Màmá Aláwọ̀ lọ́kàn: ṣé ọkọ òun padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run ni, àbí èrò ló gbá a wọlé lóòótọ́? Ó bi Fádà. Fádà ní àánú Ọlọ́run kò níwọ̀n. Màmá Aláwọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo opó ni, kò sì tó ìyọnu tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, tí ìjọ fi ń rántí àwọn òkú, ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń gbé síwájú pẹpẹ. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wo ìwé náà, ó ní, "Ah, ṣé ara ìjọ wa náà ni wọ́n?" Kò ní i lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni lára, ó kàn ń bèèrè ni. Màmá Aláwọ̀ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Kò sì sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò gun okùn, funfun tẹ̀ lé e, ó ń fọ̀, ó ń lọ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ó máa ń gbójú sókè wo àgbélébùú lórí ìṣó. Ewé náà ti gbẹ, ó ti pọ́n bí ìwé àtijọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí kò padà kò lè fi sùúrù hun nǹkan báyìí. Ẹ̀rí tó ní kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Lẹ́ńtì ọdún yìí, Bàbá Alágogo gbé páálí kan sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Ìmọ̀ ọ̀pẹ tí Fádà ti bù kún kò ṣe é dà sí ààtàn. Wọ́n á kó ti èṣí padà wá, wọ́n á sun ún, eérú rẹ̀ ni Fádà á fi sàmì sí gbogbo ènìyàn níwájú orí ní Ọjọ́rú Eérú. Màmá Aláwọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ àwọn aládùúgbò lẹ́nu pé kí wọ́n má gbàgbé tiwọn. Lọ́dún yìí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó kọjá lára páálí náà bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Nígbà tó padà dé, Àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà nílé. Ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ó ń dá gbé, bó bá sì ní ìsinmi ó máa ń wá bá ìyá rẹ̀ tún ilé ṣe. Ilẹ̀ ti mọ́, abọ́ ti dé ààyè rẹ̀. Màmá Aláwọ̀ gbójú sókè, ìṣó lásán ló rí.

"Àgbélébùú bàbá rẹ dà?"

"Mo ti mú un lọ, Màmá. Mo fi sínú páálí Bàbá Alágogo láàárọ̀."

"Ta ló rán ọ?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Bàbá ló..."

"Mo ní ta ló rán ọ? Bàbá rẹ wà ní sàárè, ò ń fi bàbá rẹ ṣe aṣọ ìbora ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi nínú ilé yìí. Má dárúkọ rẹ̀ létí mi mọ́. Bí mo bá tún gbọ́ 'Bàbá' lẹ́nu rẹ nínú ilé yìí, màá mọ̀ pé o fẹ́ sin èmi náà."

Ó fi orúnkún tó ń dùn ún náà sáré. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bá Bàbá Alágogo lórí àpótí, ajọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jọ eérú sínú agolo. Iná ti kú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé tiyín lẹ mú wá? Mo ti sun ún tán o. Ti ọdún yìí gbẹ dáadáa." Ó mi ajọ̀. "Ọ̀kan péré ló fẹ́ fún mi níṣòro, èyí tí wọ́n hun. Àwọn yòókù ti di eérú kó tó gbà láti tú."

Màmá Aláwọ̀ dúró wo agolo náà. Ó fẹ́ bèèrè fún díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣà á fún un, èwo ni tọkọ rẹ̀ nínú ti ìjọ odindi? Ó kí Bàbá Alágogo pé ó kú iṣẹ́. Ó rìn lọ sílé. Àbíkẹ́yìn ti lọ.

Ní Ọjọ́rú Eérú, ṣọ́ọ̀ṣì kún, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àárín. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ síwájú, kò dìde. Láti kékeré ló ti ń gba eérú, kò pa ọdún kan jẹ rí, ìgbà tó bímọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ó ní kí wọ́n gbé e wá bá òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí kò ṣe é gbà. Kò lè jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ òun nu òun lórí, kí òun sì wá lọ bọ́jú lálẹ́. Ó di àga tó wà níwájú rẹ̀ mú, àga tí ọkọ rẹ̀ kàn, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wà nínú ìlà. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó dúró, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ìlà ń lọ, àyè náà ń gùn sí i. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn fọwọ́ kàn án léjìká. Ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rìn lọ bá àwọn yòókù. Nígbà tó ń padà bọ̀, eérú wà níwájú orí rẹ̀, omijé sì ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìfọ̀ dé bó ti ń dé. Aṣọ ìnuwọ́ tí Fádà fi nu àtàǹpàkò rẹ̀ wà lókè, ó dú bí ìdí ìkòkò. Màmá Aláwọ̀ bu omi, ó bu ọṣẹ. Gbogbo ìbínú tó wà nínú rẹ̀ ló fi fọ aṣọ náà. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi dú, ó da omi sí gọ́tà. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó da omi sí gọ́tà. Àmì kan kù tí kò fẹ́ kúrò, ó ṣe wínníwínní bí ìka. Ó gbé aṣọ náà kaná, ó sè é, ó fi bùrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí àmì náà fi lọ. Nígbà tó sá a, ó mọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó lọ̀ ọ́, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Àṣà tirẹ̀ ni pé aṣọ tó bá ti ru eérú kì í padà síwájú pẹpẹ títí di Àjíǹde.

Lẹ́ńtì ọdún yìí gùn. Ní gbogbo Sátidé, Àbíkẹ́yìn ń gbé búrẹ́dì wá, ó ń kúnlẹ̀, ó ń kí i. "Gbé e síbẹ̀," ni ìyá rẹ̀ á wí. Ọmọ á gbé e síbẹ̀, á dúró díẹ̀, á lọ. Màmá Aláwọ̀ ló wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà, ọjọ́ kan ni Àbíkẹ́yìn fẹ́ gbà á, ìyá gbé e sí apá kejì. Ó jẹ́wọ́ ìbínú náà fún Fádà. Fádà ní kó lọ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá Aláwọ̀ ní òun ti gbọ́. Ó délé, ó gba àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú ní ìdúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kò sì bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé òun kò ṣe dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú àyà rẹ̀ ti le, kò mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tún dé. Pupa tún gun okùn. Lẹ́yìn Mísà, Àbíkẹ́yìn tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ délé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó fa àpótí bàbá rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó jókòó, ó sì ń la ìmọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Màmá Aláwọ̀ ń ṣẹ́ aṣọ, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó wò ó. Ewé kan ń wọ inú èkejì, kò sí kókó, kò sí òwú.

"Ta ló kọ́ ọ?" Ó ti pẹ́ tó ti bá ọmọ yìí sọ ju 'Gbé e síbẹ̀' lọ.

Àbíkẹ́yìn kò gbójú sókè. "Ẹ ní kí n má dárúkọ wọn mọ́."

"Mo ní ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n hun tiwọn. Ẹ ń lọ aṣọ nínú ilé, àwa méjèèjì wà lẹ́yìnkùlé." Ó fa ewé kan ṣinṣin. "Wọ́n ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ní ká kó o wá, kí èmi mú un lọ fún àwọn. Wọ́n ní ẹ ò ní fẹ́ kó jáde nílé, pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọ̀rá bísíkíìtì pamọ́. Wọ́n ní ọdún mọ́kànlá làwọn ò gba eérú, pé kí tàwọn wà nínú tọdún tó ń bọ̀. Pé àwọn máa lọ bá Fádà jẹ́wọ́ kó tó dìgbà yẹn, pé àwọn kàn ń wá bí àwọn ṣe máa kọjá lára alága ni. Wọ́n ní, 'Èmi àti ìyá rẹ la máa jọ tò lọ síwájú. Má sọ fún un, mo fẹ́ kó bá a lójijì.'"

Màmá Aláwọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ pupa Fádà wà lórí itan rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n kú, kí ló dé tó ò sọ?"

"Mo fẹ́ kó rí bí wọ́n ṣe ní kó rí, Màmá. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá ti gba eérú náà tán, màá dì mọ́ yín níbẹ̀, màá wá sọ fún yín pé Bàbá lẹ gbà sórí yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ń dùn yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sọ fún mi." Ó nu imú. "Mo fi àyè yín sílẹ̀ nínú ìlà."

"Mo rí i," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó ti rí ìdáhùn gbà. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó ti wà lójú ọ̀nà, ó ti mú ọjọ́ pàápàá. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì wá inú dídùn náà nínú ara rẹ̀. Ohun mìíràn ló bá níbẹ̀. Ó dìde, ó lọ síbi dúrọ́ọ̀, ó fa aṣọ ìnuwọ́ Ọjọ́rú Eérú jáde, ó tú u sílẹ̀, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó wo àárín rẹ̀. Ó wo ìṣẹ́tí rẹ̀ yíká, ó fi èékánná tú òwú ibẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn. Ó gbé e sún mọ́ imú, òórùn ọṣẹ àti ti áyọ́ọ̀nù ló gbọ́. Lójú fèrèsé náà, ó ń rí bíríkì mẹ́rin lẹ́bàá ògiri, ó sì ń rí gọ́tà tó da omi eérú náà sí.

"Màmá, kí lẹ ń wá?"

Ó tún gbé aṣọ náà sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ó funfun láú, kò sí ibi tí nǹkan kan kù sí.

"Mo ti fọ̀ ọ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́."